Ìṣákọ́lẹ̀ Orí Owó Ìfẹ̀yìntì

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ló mọ̀ pé Roth IRA, àpò ìfẹ̀yìntì tí èèyàn ń fi owó tó ti san owó orí lé lórí sí, ní gbèdéke iye tí èèyàn lè fi sí i lọ́dún: $7,000 ni fún ọdún 2025, $8,000 fún ẹni tó ti pé àádọ́ta ọdún. Ohun tó máa ń fo ọ̀pọ̀ wọn dá ni pé bí owó tó ń wọlé bá ti pọ̀ jù, gbèdéke náà á máa súnkì. Fún ẹni tí kò ní ọkọ tàbí aya, láti $150,000 ló ti ń súnkì, á sì tán pátápátá tó bá di $165,000. Báǹkì ò ní dá ẹnikẹ́ni dúró o. Kò mọ iye tí oníbàárà ń gbà níbi iṣẹ́, tiẹ̀ ni kó gba owó.

Ká ní àpọ́n kan tó gba $170,000 fi $7,000 sí i. Gbogbo rẹ̀ ló ti lé nìyẹn. IRS, àjọ tó ń gba owó orí ní Amẹ́ríkà, á bu ìdá 6 nínú 100 lé e, ìyẹn $420. Ibí ni ọ̀rọ̀ tó ń bí èèyàn nínú ti wọlé: “Màá san $420, ó parí.” Kò parí. Ìṣákọ́lẹ̀ ni owó yẹn. Àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ mọ̀ pé iṣu tóun gbé fún onílẹ̀ lọ́dún yìí kò sọ ilẹ̀ di tòun. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mí-ìn, á tún gbé òmíràn wá. Níwọ̀n ìgbà tí $7,000 náà bá ṣì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, $420 mìíràn ti délẹ̀, Fọ́ọ̀mù 5329 ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀.

Ẹni tó bá tètè fura lè jáde láìsan ìṣákọ́lẹ̀ rárá. Ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 2026 ni gbèdéke, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù owó orí rẹ̀ lásìkò ní àyè títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá. Ó lè ní kí wọ́n sọ owó náà di ti Traditional IRA, àpò ìfẹ̀yìntì tí wọ́n máa ń gba owó orí lórí rẹ̀ nígbà tí èèyàn bá ń yọ owó, tàbí kó yọ ọ́ kúrò. Bó bá máa yọ ọ́, tòun tèrè ni. Bí $7,000 ti di $8,050, $8,050 ló máa jáde, á sì san owó orí lórí $1,050. Bí ọjà bá wó tí ó di $6,300, $6,300 náà ni yóò yọ, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè ìyókù.

Lẹ́yìn oṣù kẹwàá ni nǹkan yí padà. Ẹni tó pẹ́ á san $420 ti 2025, á wá yọ $7,000 péré. $1,050 ń bẹ nínú Roth níbẹ̀, ó ń gbèrú lọ. Àgbẹ̀ tó tètè kúrò lóko olóko, wọ́n hú iṣu rẹ̀ tegbòtegbò; èyí tó jókòó pẹ́ ló wá kó iṣu relé. Ibí yìí ni òfin náà ti ní àbùkù lójú tèmi: ìdá 6 kì í yẹ̀, ọjà sì ń lọ sókè sódò. Lọ́dún tí ọjà bá ta dáadáa, ìtanràn náà di ohun pọ́ọ́kú. Lọ́dún tí ọjà bá wó, owó ẹni ti dín, wọ́n tún bu 6 lé e, àfi pé ìtanràn náà kò lè ju ìdá 6 nínú 100 ohun tó kù nínú àpò náà ní ìparí ọdún.

Ọgbọ́n tó wù mí jù níbẹ̀ ni ti ẹni tí owó tó ń wọlé fún un wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní 2026 tí gbèdéke rẹ̀ kò fi súnkì mọ́. Bí kò bá fi nǹkan kan sí i lọ́dún náà, gbèdéke 2026 tó jẹ́ $7,500 lè gbé $7,000 àtijọ́ mì láìjẹ́ pé kọ́bọ̀ kan ṣípò. $420 ti 2025 nìkan ló kù nílẹ̀.

Àwọn nọ́ọ̀sì wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù méjì kò gbọdọ̀ da èyí pọ̀ mọ́ 401(k), àpò ìfẹ̀yìntì tí ibi iṣẹ́ ń yọ owó sí látinú owó oṣù òṣìṣẹ́. Ọsibítù kan ò mọ ohun tí èkejì ń yọ, bẹ́ẹ̀ orí èèyàn kan ṣoṣo ni gbèdéke $23,500 ti 2025 wà. Kò sí ìdá 6 níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí èyí tó lé kò bá jáde kí ọjọ́ 15 oṣù kẹrin tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n á gba owó orí lórí rẹ̀, kò sì sí oṣù kẹwàá fún ìyẹn.