Háídírójìn Olómi: Ìdí Tí Jíjò Rẹ̀ Ò Fi Dà Bíi Ti Gáàsì

Háídírójìn olómi ni gáàsì háídírójìn tí wọ́n mú tutù títí tó fi di omi, ìyẹn ohun tó ń ṣàn bí omi, kì í ṣe omi tá à ń mu. Òtútù ọ̀hún kọjá ti yìnyín: digírì 253 sísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius ni. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé bó bá ti di omi, púpọ̀ rẹ̀ á gba inú tánkì kékeré. Lọ́dún 2024, wọ́n ṣí ilé epo kan ní Wörth am Rhein ní Jámánì, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń gba háídírójìn olómi sínú tánkì. Láwọn ilé epo mìíràn, háídírójìn olómi ni wọ́n ń tọ́jú, wọ́n á wá sọ ọ́ di gáàsì kó tó wọnú ọkọ̀.

Ohun tí àwọn èèyàn fi ń fi ara wọn lọ́kàn balẹ̀ ni pé háídírójìn fúyẹ́, pé bó bá jò, á fò lọ sókè. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ gáàsì tó ti móoru. Èyí tó jò jáde bí omi kì í kọ́kọ́ fò. Gáàsì tó ń ti ara rẹ̀ jáde ṣì tutù gan-an, ó ṣì wúwo, nítorí náà yóò fara mọ́lẹ̀, yóò máa wọ́ lọ síbi tí atẹ́gùn bá darí rẹ̀ sí: inú gọ́tà, abẹ́ ọkọ̀, ẹ̀bá ògiri. Ìgbà tó bá móoru ló tó gbéra. Lítà kan omi náà sì ń di nǹkan bí 850 lítà gáàsì. Ìdí nìyí tí omi tó bá há sáàárín fáàfù méjì tó wà ní títì fi lè bẹ́ páìpù, bí kò bá sí fáàfù tó ń tú agbára sílẹ̀ níbẹ̀.

Níbi tó ti ń jò, ẹ ó rí ìkùukùu funfun. Háídírójìn kọ́ lẹ rí yẹn o. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni òtútù sọ di ìkùukùu. Háídírójìn fúnra rẹ̀ kò láwọ̀, kò rùn, ó sì lè ti dé ibi tí ìkùukùu ò dé. Wọn ò lè fi òórùn sí i bíi ti gáàsì ìdáná, torí òtútù yẹn á mú ohun tó ń rùn náà dì.

Bó bá ti tó ìdá 4 nínú 100 afẹ́fẹ́, títí dé ìdá 75, ó lè gbiná. Iná tí ń ta pàrà lára aṣọ nígbà ọyẹ́ tó láti ràn án. Iná rẹ̀ kì í sì í hàn lójú ọ̀sán. Láyé àtijọ́, àwọn òṣìṣẹ́ NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, máa ń na ìgbálẹ̀ síwájú bí wọ́n ṣe ń rìn. Ibi tí ìgbálẹ̀ bá ti gbaná, ibẹ̀ niná wà. Lónìí, ẹ̀rọ ló ń ṣọ́ ọ.

Ewu kan tún wà tí wọn kì í sábà mẹ́nu bà. Bí wọn ò bá wé páìpù dáadáa, afẹ́fẹ́ tó yí i ká á di omi, á máa kán sílẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́, ọ́síjìn, èyí tó ń mú kí iná jó, ló ń tètè di omi ju náítírójìn lọ, nítorí náà ohun tó ń kán yẹn kún fún ọ́síjìn. Bó bá kán sórí títì ọlọ́dà, ọ̀dà yẹn lè gbiná kíkankíkan. Kọnkéré ló yẹ kó wà níbi tí wọ́n ti ń já háídírójìn sílẹ̀.

Ní Sandvika, lẹ́bàá Oslo ní Norway, ilé epo háídírójìn kan bú gbàmù ní oṣù kẹfà ọdún 2019, torí bóòtù tí wọn ò dè le tó. Gáàsì ló jò níbẹ̀, kì í ṣe omi, ṣùgbọ́n bóòtù bẹ́ẹ̀ wà nílé epo olómi náà.

Bí ẹ bá rí ìkùukùu, ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ gba apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀ sá. Àwọn panápaná náà kì í kánjú pa iná ọ̀hún: fáàfù ni wọ́n ń kọ́kọ́ tì, torí bí iná bá kú tí jíjò ò dáwọ́ dúró, gáàsì á kó jọ, á sì bú.