Ibi Tí Rẹ́súmè Ti Ṣẹ̀ Wá

Ọ̀dọ̀ Leonardo da Vinci, ayàwòrán ọmọ Ítálì, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ́súmè, ìyẹn ìwé téèyàn fi ń sọ iṣẹ́ tó ti ṣe àti ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe nígbà tó bá ń wáṣẹ́. Ibẹ̀ lèmi náà máa ti bẹ̀rẹ̀, torí lẹ́tà kan tó kọ dùn ún kà gan-an. Ní nǹkan bí ọdún 1482, ọmọ bí 30 ọdún ni, iṣẹ́ ló ń wá, ló bá kọ lẹ́tà sí Ludovico Sforza tó ń ṣàkóso Milan ní Ítálì. Ọ̀rọ̀ ogun ló ń jẹ ọkùnrin yẹn lọ́kàn, Leonardo sì mọ̀, torí náà kò wulẹ̀ ròyìn ibi tí wọ́n bí i sí tàbí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ohun tó lè ṣe ló ń tò níkọ̀ọ̀kan: òun lè ṣe afárá tó fúyẹ́ tó sì rọrùn láti gbé kiri, òun lè gbẹ́ ihò gba abẹ́ ilẹ̀ láì pariwo, òun lè kan kẹ̀kẹ́ ogun tí wọ́n bò lórí. Ìparí lẹ́tà ló tó wá sọ pé òun mọ ère gbẹ́, òun sì mọ àwòrán kùn. Ó wá ní bí èyíkéyìí nínú ohun tóun kọ bá jọ ohun tí ò lè ṣeé ṣe, òun ṣe tán láti dán an wò níṣojú ẹ̀, nínú ọgbà ẹ̀ tàbí níbikíbi tó bá wù ú.

Ẹ ò rí i pé íńtáfíù nìyẹn! Kò kọ ohun tí ò lè dáhùn fún.

Ó dé Milan lóòótọ́ o, nǹkan bí ọdún 17 ló lò níbẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti kun àwòrán oúnjẹ alẹ́ Jésù pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀.

Orúkọ rẹ́súmè fúnra ẹ̀, èdè Faransé ni, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ké kúrú ló túmọ̀ sí. CV ní tiẹ̀ jẹ́ ìkékúrú curriculum vitae, Látìn ni, ìrìn ayé èèyàn ló túmọ̀ sí. Ẹni tó bá fi ìtumọ̀ méjèèjì yìí sọ́kàn á mọ ìdí tí ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fi máa ń gùn tí ti àwa yòókù kì í sì í gùn.

Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1950, rẹ́súmè ti ń gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àmọ́ ohun tí wọ́n ń kọ sínú ẹ̀ nígbà yẹn á yà yín lẹ́nu, bí èèyàn ṣe ga tó, bó ṣe wúwo tó, ẹ̀sìn ẹ̀, bóyá ó ti ṣègbéyàwó. Àfi ìgbà tí òfin 1964 dé tó ní kí wọ́n má fi àwọ̀, ẹ̀sìn tàbí pé èèyàn jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin dù ú níṣẹ́, èyí tó dá lórí ọjọ́ orí sì tẹ̀ lé e ní 1967, ìyẹn ló jẹ́ kí nǹkan wọ̀nyẹn máa kúrò lórí ìwé díẹ̀díẹ̀.

Íńtáfíù náà nítàn tiẹ̀. Ní 1921, Thomas Edison, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń hùmọ̀ nǹkan tuntun, ní ìbéèrè tó lé ní 140 tó ń bi àwọn tó wáṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀, irú bíi àwọn orílẹ̀-èdè wo ló yí Faransé ká, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti jáde yunifásítì ni ò sì yege. Lójú tèmi, ìyẹn ò dáa tó, torí kò kan iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe.

Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé, LinkedIn, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì táwọn èèyàn ti ń wáṣẹ́, jáde ní 2003, ó wá di pé ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń fi sọ́fítíwià yẹ rẹ́súmè wò kí èèyàn tó fojú kàn án, àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìkéde iṣẹ́ náà ló sì ń wá. Àbúrò mi kan gbé tiẹ̀ wá fún mi lọ́jọ́ kan, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òṣìṣẹ́ takuntakun lòun. Mo ní kó pa á rẹ́, kó kọ ohun tó ń ṣe gan-an, ló bá kọ ọ́ pé òun lòun ń ṣètò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ 60, òun ò sì jẹ́ kó pẹ́ rí. Nígbà tó dé íńtáfíù, ìlà yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ bi í léèrè, ó sì sọ̀rọ̀ lé e lórí títí wọ́n fi ní ó tó.