Ṣé Òṣùpá Ayé Ti Di Méjì? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí 2025 PN7

Ìròyìn gbòde pé ayé ti ní òṣùpá kejì, àti pé yóò wà pẹ̀lú wa títí di 2083. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á gbọ́, àwọn mìíràn sì ń bẹ̀rù. Ásítẹ́rọ́ìdì kékeré kan tó ń jẹ́ 2025 PN7 ni ìròyìn náà ń tọ́ka sí. Ohun ìyanu ni lóòótọ́, àmọ́ ibi tí ìyanu náà wà kọ́ ni ìròyìn gbé e sí.

Ṣé òṣùpá méjì la wá ní báyìí?

Rárá. Ọ̀kan ṣoṣo tí a ti ń rí láti ọjọ́ pípẹ́ náà ni.

Kí wá ni nǹkan yìí?

Àpáta tó ń yí Oòrùn po ni. Nǹkan bíi mítà 15 sí 30 ni ìbú rẹ̀, mítà 19 ni ọ̀pọ̀ ìròyìn sì mú. Ìdí tí ìwọ̀n náà fi ní àlàfo ni pé ìmọ́lẹ̀ Oòrùn tó ń tàn padà lára rẹ̀ nìkan la fi ń ṣírò rẹ̀. Bí ara àpáta náà bá dúdú, ó ní láti tóbi kó tó lè tan ìmọ́lẹ̀ tó báyẹn padà. Bí ara rẹ̀ bá mọ́lẹ̀, kékeré náà ti tó.

Ta ló rí i?

Awò awọ̀nàjíjìn Pan-STARRS ni, lórí òkè Haleakalā ní Hawái, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ 2025. Ohun tí awò náà ń ṣe lálaalẹ́ ni pé ó máa ń ya apá ojú ọ̀run kan náà ní àwòrán léraléra láàárín nǹkan bíi wákàtí kan. Ìràwọ̀ kì í kúrò lójú kan nínú àwọn àwòrán wọ̀nyẹn. Èyí tó bá ti yẹ̀ sípò ni kọ̀ǹpútà máa fà yọ, wọn a sì fi ibi tó wà àti àsìkò tí wọ́n rí i ránṣẹ́ sí Minor Planet Center, àjọ tó ń kó àkọsílẹ̀ àwọn ásítẹ́rọ́ìdì jọ, kí àwọn awò mìíràn lè máa tọpa rẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ gan-an sọ ìgbà tí wọ́n rí i. P dúró fún ìdajì àkọ́kọ́ oṣù Kẹjọ. N jẹ́ lẹ́tà 13 nínú lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì 25 tí wọ́n ń lò, nítorí wọn kì í lo I. 7 sì fi hàn pé wọ́n ti ka lẹ́tà 25 yẹn tán nígbà 7 kí wọ́n tó dé orí rẹ̀. Ìyẹn 175, ká fi 13 kún un, ó di 188. Nínú ìdajì oṣù kan péré, òun ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣe ìkejìdínláàádọ́wàá.

Bí kì í bá yí ayé po, kí ló dé tí wọ́n fi ń yàwòrán rẹ̀ bí ẹni pé ó ń yí wa po?

Ìbéèrè yìí gan-an ló yẹ ká fara balẹ̀ dáhùn, torí ibẹ̀ ni gbogbo àṣìlóye ti wá.

Ọdún kan ni ayé fi ń yí Oòrùn po. 2025 PN7 náà ń lo ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọdún kan gẹ́lẹ́. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ipa ọ̀nà tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ rí róbótó, tirẹ̀ sì gùn díẹ̀ bí ẹyin. Nígbà tó bá sún mọ́ Oòrùn jù, nǹkan bíi mílíọ̀nù kìlómítà 134 ló wà sí i. Nígbà tó bá jìnnà jù, nǹkan bíi mílíọ̀nù 166. Tiwa kì í yàtọ̀ púpọ̀ sí mílíọ̀nù 150.

Ohunkóhun tó bá sún mọ́ Oòrùn gbọ́dọ̀ yára, èyí tó bá jìnnà a sì máa falẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àpáta yìí bá wà nínú ipa ọ̀nà wa lápá Oòrùn, á máa sáré lọ síwájú. Bó bá bọ́ síta, eré rẹ̀ á dín kù, ayé á sì máa fi í sílẹ̀. Kí ọdún tó yí po, ó ti gba inú kọjá lọ síwájú, ó ti gba ìta padà sẹ́yìn. Ẹni tó wà lórí ayé tó ń wò ó yóò rò pé àwa ló ń yí po. Ẹni tó bá dúró sórí Oòrùn yóò rí nǹkan méjì tó ń lọ lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ọdún wọn kàn bára mu.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ òòfà, ìyẹn agbára tí ayé fi ń fa nǹkan mọ́ra (gravity). Ibi tí òòfà ayé ti lè di nǹkan mú kò kọjá nǹkan bíi mílíọ̀nù kìlómítà kan ààbọ̀. 2025 PN7 kì í sún mọ́ wa ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kìlómítà 4 lọ, ìlọ́po 10 jíjìnnà Òṣùpá sí wa. Bí ayé bá pòórá lónìí, àpáta náà á ṣì máa yí Oòrùn po. Òṣùpá gidi kò lè ṣe ìyẹn láìjẹ́ pé ipa ọ̀nà rẹ̀ tó ń gbà yí wa ká fọ́.

Ṣé ayé ò ti mú ásítẹ́rọ́ìdì kankan rí?

Ó ti mú. 2006 RH120, tí kò ju mítà mélòó kan lọ, yí ayé po ní tòótọ́ láti 2006 sí 2007 kó tó já gbà. Ìyẹn la lè pè ní òṣùpá onígbà díẹ̀.

Kí ni 2083 wá jẹ́?

Òòfà ayé, bó tilẹ̀ kéré níbẹ̀, ló ń tì í díẹ̀díẹ̀ tí ọdún rẹ̀ kò fi yàtọ̀ sí tiwa. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ méjì, Carlos àti Raúl de la Fuente Marcos, ṣírò rẹ̀ pé ó ti wà báyìí láti nǹkan bí ọdún 1960 sí 1969, àti pé ní nǹkan bí 2083 ni yóò ya lọ, tí yóò máa lọ títí á fi dé òdìkejì Oòrùn. Wọ́n rí i nínú àwòrán àtijọ́ láti 2014, ìdí nìyẹn tí ìṣírò náà fi ṣeé gbára lé.

Ṣé mo lè rí i?

Fójú lásán, rárá. Pẹ̀lú awò kékeré, rárá náà ni.

Ṣé ó lè ru omi òkun sókè tàbí kó ba ojú ọjọ́ jẹ́?

Kò lè rí i ṣe. Ó kéré jù, ó sì jìnnà jù.

Báwo ni mo ṣe lè yẹ ìròyìn bí èyí wò?

Ẹ ṣí Small-Body Database ti JPL, ilé ìwádìí NASA, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ orúkọ ásítẹ́rọ́ìdì náà sí i. Ẹ wo condition code: 0 ni ipa ọ̀nà tó dáni lójú jù, 9 ni èyí tó ṣì ṣókùnkùn. Ẹ wo MOID, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, torí àlàfo tó wà láàárín ipa ọ̀nà méjèèjì ni. Ọ̀nà méjì lè súnmọ́ra kí àwọn tó ń rìn lórí wọn má pàdé láéláé. Lẹ́yìn náà, ẹ wo Sentry, ibi tí JPL ń to àwọn tí ìjàǹbá wọn kò tíì ṣeé kọ̀ pátápátá sí.

Ẹ má sì gbọ̀n bí ìdá ewu kan bá ń ga sí i. Ti ásítẹ́rọ́ìdì 2024 YR4 ga dé 3.1% ní oṣù Kejì 2025, ó sì já wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí a bá ṣe ń rí i sí i ni agbègbè tó ṣeé ṣe kó gbà kọjá ń dín kù. Tí ayé bá ṣì wà nínú agbègbè tó dín kù yẹn, ìdá rẹ̀ á ga, títí ayé yóò fi bọ́ síta rẹ̀.

Bí irú rẹ̀ bá já lù wá ńkọ́?

A ti rí ọ̀kan tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì 2013, àpáta tí ìbú rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 20 bú gbàù lókè ìlú Chelyabinsk ní Rọ́ṣíà. Nǹkan bí 1,500 ènìyàn ló fara pa, gíláàsì fèrèsé tó fọ́ ló sì ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn léṣe. Ìmọ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Àwọn ènìyàn sáré lọ sí ojú fèrèsé láti wò ó, àrá ìbúgbàmù náà sì dé bá wọn níbẹ̀ lẹ́yìn tó lé ní ìṣẹ́jú kan. Tí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ ńlá tó la ojú ọ̀run kọjá, ẹ kúrò nídìí gíláàsì, ẹ dojú bolẹ̀ lẹ́yìn ògiri, kí ẹ sì dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó dìde.