Graft polymerization: bí fọ́nrán àtọwọ́dá ṣe ń gba ìwà tuntun

Ẹni tó bá ti wọ aṣọ polyester rìn nínú oòrùn ọ̀sán mọ ìyà rẹ̀: òógùn á máa ṣàn lábẹ́ aṣọ, aṣọ ò ní fà á mu. Ẹ̀bi ahunṣọ kọ́. Òwú gidi lè fa omi inú afẹ́fẹ́ tó nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 ìwúwo rẹ̀. Ti polyester kò ju nǹkan bí 0.4 lọ. Kò sí ibi tí omi ti lè rọ̀ mọ́ ọn, aró pàápàá kì í fẹ́ mú un. Bẹ́ẹ̀, aṣọ tó lágbára ni, kì í tètè gbó, kì í sì í rún. Bí a ṣe lè mú kó gba omi láìba agbára yìí jẹ́ ni graft polymerization wà fún.

Fọ́nrán àtọwọ́dá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdìpọ̀ ẹ̀wọ̀n gígùn, tí mólékù kéékèèké so kọ́ra wọn. Ohun tí a ń ṣe ni pé a ń mú kí ẹ̀wọ̀n mìíràn tí ìwà rẹ̀ yàtọ̀ hù lára èyí tó ti wà nílẹ̀. Àgbẹ̀ ọlọ́sàn mọ irú rẹ̀: ó ń so ẹ̀ka ọsàn dídùn mọ́ ìdí ọsàn kíkan tó lágbára, ìdí ń fa omi, ẹ̀ka ń so èso tirẹ̀.

Ìtànṣán gamma láti ara cobalt-60, irin kan tó ń tú ìtànṣán jáde, tàbí ìtànṣán electron, ni wọ́n sábà máa ń lò. Yóò já háídrójìn kúrò lára ẹ̀wọ̀n náà, ibi tó ṣófo yẹn kò sì ní lè dá wà. Bí mólékù acrylic acid, kẹ́míkà kan tó fẹ́ràn omi, bá kàn án, yóò so mọ́ ọn, òmíràn yóò so mọ́ ìyẹn, títí tí yóò fi di ẹ̀ka tó fẹ́ràn omi. Níbi tí kò sí ẹ̀rọ ìtànṣán, kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní benzoyl peroxide àti ooru lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ọ́síjìn ni ọ̀tá rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fẹ́ náítrójìn sínú omi kẹ́míkà tí wọ́n rẹ aṣọ sí.

Èyí yàtọ̀ pátápátá sí kí a kàn rẹ aṣọ sínú kẹ́míkà. Ohun tí a fi kùn ún lára, ọṣẹ á ṣí i kúrò. Ẹ̀ka yìí ní tirẹ̀, irú ìsopọ̀ tó di ẹ̀wọ̀n fúnra rẹ̀ mú ló di òun náà mú.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń le ni pé àwọn mólékù náà lè máa so mọ́ ara wọn nínú ìkòkò láìfọwọ́ kan fọ́nrán rárá. Omi á ki, á sì lẹ̀ mọ́ aṣọ. Wọ́n máa ń fi iyọ̀ irin díẹ̀ sí i láti dín èyí kù, ó sì di dandan kí a fọ aṣọ dáadáa kí a tó wọ̀n ọ́n, torí ìwúwo lè tan ni jẹ. Bí aṣọ gíráàmù 10 bá di 12 lẹ́yìn tí a fọ̀ ọ́ tó sì gbẹ, ìdá 20 nínú 100 ni a so mọ́ ọn. Bó bá pọ̀ jù, fọ́nrán á le gbagidi, agbára rẹ̀ á sì dín kù.

Iṣẹ́ tó wú mi lórí jù ni ti ilé ìwádìí agbára átọ́míìkì Japan. Aṣọ polyethylene, irú ike tí wọ́n fi ń ṣe àpò ọ̀rá, ni wọ́n mú, wọ́n so mólékù acrylonitrile àti methacrylic acid mọ́ ọn, wọ́n sì fi kẹ́míkà hydroxylamine sọ ẹ̀ka acrylonitrile di amidoxime, èyí tó ń gbá uranium mú, irin tí ilé iṣẹ́ agbára átọ́míìkì ń lò bí epo. Nǹkan bí mílígíráàmù 3 uranium péré ló wà nínú tọ́ọ̀nù omi òkun kan! Láàárín ọdún 1999 sí 2001, wọ́n rì aṣọ kílò 350 sínú òkun Aomori, ní àríwá orílẹ̀-èdè náà, ohun tó lé ní kílò kan uranium sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Polyethylene ló fara da ìgbì, ẹ̀ka ló ń ṣa uranium. Àmọ́ owó rẹ̀ ṣì ju ti uranium tí wọ́n ń wà nílẹ̀ lọ, vanadium, irin mìíràn tó wà nínú òkun, sì máa ń gba ọ̀pọ̀ àyè lórí ẹ̀ka náà, ìyẹn ni àwọn olùwádìí fi ń wá ẹ̀ka tí yóò yan uranium láàyò.