Sláídìn nìkan kì í mú ilé tutù

Bí ẹ bá rìn láti Tákìé wọ àwọn agbo ilé àtijọ́ nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ó rí i. Ilé tí wọ́n ti kọ́ tipẹ́, tí ògiri rẹ̀ nípọn dáadáa, wọ́n ti yọ fèrèsé onígi tàbí lúfà ara rẹ̀ dà sẹ́yìnkùlé, wọ́n sì ti fi sláídìn onígíláàsì dúdú rọ́pò. Bí ẹ bá bi onílé léèrè, á ní, "Kí inú ilé lè tutù ni, kí owó iná sì wálẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà ò rí bẹ́ẹ̀. Ó sì ń dùn mí, torí owó tí àwọn èèyàn wa ń dà sórí rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣe é sílé wa lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá. Pálọ̀ wa kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Lọ́jọ́ tí mo lọ kí wọn, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti kọjá díẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan gíláàsì náà láti inú ilé, kíá ni mo gbọ́wọ́ kúrò. Ó gbóná bí ìdí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀. Màmá wa ti ká ẹní wọn, wọ́n ti lọ tẹ́ ẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní, "Ooru ilé yìí kì í mú èèyàn báyìí tẹ́lẹ̀."

Òótọ́ ni màmá sọ. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí afẹ́fẹ́. Sláídìn alábala méjì, ìkan ló ń wọ́ lọ bo èkejì. Bó ti wù kí ẹ ṣí i tó, ìdajì ni afẹ́fẹ́ máa rí gbà kọjá, ìdajì yòókù á wà ní títì títí ayé. Lúfà ní tirẹ̀, bí ẹ bá ti fa ọwọ́ rẹ̀, gbogbo abẹ́ rẹ̀ ló máa nà gbalaja, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ojú fèrèsé ló là sílẹ̀. Fèrèsé onígi tó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Nítorí náà, ẹni tó yọ lúfà tó fi sláídìn alábala méjì sí ojú kan náà ti sọ ọ̀nà afẹ́fẹ́ ilé rẹ̀ di ìdajì. Lẹ́yìn náà ló wá ń ra fáànù.

Èkejì ni oòrùn, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nínú gbogbo ooru tí oòrùn bá fi lu gíláàsì funfun lásán, èyí tó tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ló ń gbà á kọjá sínú ilé. Á lu ilẹ̀, á lu àga, ìwọ̀nyẹn á gbóná, wọ́n á sì máa tú ooru jáde. Ooru tí àwọn yẹn ń tú kò lè gba inú gíláàsì padà síta bí ìmọ́lẹ̀ ṣe gbà á wọlé. Ẹni tó bá ti ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó dúró sínú oòrùn látàárọ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Ní ìrọ̀lẹ́ tí ojú ọ̀run mọ́, ooru tó ń lu ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn lè tó 500 wáàtì lórí mítà kan níbùú lóòró. Ẹ mú fèrèsé ẹsẹ̀ 4 sí ẹsẹ̀ 4, ẹ ṣírò rẹ̀: ó sún mọ́ 600 wáàtì tó ń wọlé, bí ìgbà tí ẹ tan gílóòbù pupa oní-60 mẹ́wàá sí pálọ̀ lọ́sàn-án gangan.

Gíláàsì dúdú ń kọ́? Ó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù lóòótọ́, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló ń fa púpọ̀ nínú ooru yẹn mu, á gbóná, á sì máa fi ta ẹni tó jókòó nídìí rẹ̀. Kọ́tìnì tó wà nínú ilé náà ò fi bẹ́ẹ̀ gbà yín, nítorí kí oòrùn tó kan kọ́tìnì, ó ti wọlé ná. Ìta la ti ń dá oòrùn dúró. Ìdí nìyẹn tí fèrèsé onígi tí wọ́n to pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sí, ti ara àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, fi dáa: igi rẹ̀ ń lé oòrùn, àlàfo àárín rẹ̀ ń gba afẹ́fẹ́ wọlé.

Mo mọ ibi tí èrò yìí ti wá. Ní Jámánì tàbí Kánádà, bí wọ́n bá pààrọ̀ fèrèsé ilé àtijọ́ sí èyí tí gíláàsì rẹ̀ jẹ́ méjì tó fi àlàfo sáàárín, owó iná wọn máa ń wálẹ̀ lóòótọ́. Òtútù ló ń bá wọn jà. Owó ni wọ́n fi ń dá ooru sínú ilé, fèrèsé náà ni kò jẹ́ kó jáde. Àwa ò dá ooru, à ń wá ọ̀nà tó máa gbà jáde ni.

Ibì kan wà tí mo fara mọ́ sláídìn. Yàrá tó bá ń lo AC, lúfà ò yẹ ẹ́, nítorí àárín abẹ́ rẹ̀ ni òtútù tí ẹ fowó rà á máa gbà sá lọ. AC 1 horse power tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 8 láìsinmi á jẹ tó yúníìtì 6. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A (àwọn tó yẹ kí iná wọn tó wákàtí 20 lójúmọ́) láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225 lórí yúníìtì kan, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ìyẹn ṣòfò. Sláídìn sì ń dí eruku ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ilé tó jẹ́ pé fáànù òkè bíi 70 wáàtì ló ń lò, èrè wo ló fẹ́ rí níbẹ̀?

Bó bá ṣe èmi ni mo ní owó yẹn, síílìn ni mo máa kọ́kọ́ ṣe. Nílùú wa níbí, oòrùn ọ̀sán kì í jìnnà sí àárín orí. Nínú oṣù kẹrin, àti ní ìparí oṣù kẹjọ bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ó ń dúró sí àtàrí gan-an. Páànù ló ń gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ilé tí kò ní síílìn, tàbí tí síílìn rẹ̀ ti jábọ́, fèrèsé wo ló fẹ́ gbà á? Lẹ́yìn náà, màá ra abẹ́ lúfà tuntun dípò àwọn tó ti fọ́, màá tún nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ṣe. Bó bá jẹ́ dandan kí n yọ ọ́, èyí tó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn ni màá ní kí wọ́n fi sí i, kì í ṣe èyí tó ń wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ò lè yọ tiwọn mọ́, owó ti lọ. Wọ́n kọ́kọ́ ní káwọn fa etí páànù gùn síta. Mo ní ìyẹn dáa fún ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí àríwá àti gúúsù, níbi tí oòrùn ti ń ti òkè wá. Àmọ́ oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti wálẹ̀, abẹ́ etí páànù ló máa ń gbà wọlé, ohun tó sọ̀ kalẹ̀ lójú fèrèsé ló lè dí i. Wọ́n pe káfíńtà, ó kan férémù ọparun síwájú fèrèsé méjèèjì, ó fi nǹkan bí ẹsẹ̀ kan sí i láàárín kí afẹ́fẹ́ lè kọjá. Nígbà tí mo padà lọ, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ náà ni, mo tún gbé ọwọ́ lé gíláàsì náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo sì lè fi ọwọ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹní màmá ti padà sí pálọ̀.