Bí kámẹ́rà ṣe ń rí òdòdó ilá láti tòsí

Òdòdó ilá kì í pẹ́ láyé. Àárọ̀ kùtù ló ń là; tó bá di ọ̀sán, ó ti ń ká jọ. Ewé òdòdó márùn-ún ló ní, àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́, àmọ́ inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ewé márààrún ti pàdé, pọ́n débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Ọ̀pá kékeré kan yọ láàárín, ìyẹ̀fun òdòdó sì bò ó lára. Lóko, ojú ń rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kámẹ́rà tó bá sún mọ́ ọn kò lè rí i bẹ́ẹ̀.

Bí lẹ́ńsì bá ṣe ń sún mọ́ nǹkan tó, bẹ́ẹ̀ ni apá tó máa hàn ketekete ń tín-ín-rín sí i. Sẹ́ńsọ̀ ni àwo tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà. Ká ní òdòdó náà hàn lórí sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà ńlá ní bó ṣe tóbi gan-an, ibi tó máa hàn ketekete ní f/8 kò ní í ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ. (Nọ́ńbà f ló ń sọ bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ lẹ́ńsì ṣe tóbi tó; bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ihò náà ń kéré sí i.) Ní f/16, ó lè tó 2. Tí èèyàn bá wá fún ojú lẹ́ńsì pa jù, bíi f/22, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ihò tóóró yẹn kọjá á máa fọ́n ká, gbogbo fótò á sì máa rí bàìbàì díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, èèyàn ní láti yan ohun tó máa hàn. Òdòdó ilá rí bí àrọ: bí etí rẹ̀ bá mọ́ kedere, inú rẹ̀ á rí bàìbàì. Orí ọ̀pá àárín yẹn ló yẹ kó hàn jù lọ, torí ibẹ̀ ni ojú òǹwòran ń kọ́kọ́ lọ. Bí ibẹ̀ bá rí bàìbàì, kò sí ẹwà etí tó lè gba fótò náà là. Atẹ́gùn díẹ̀ sì tó láti gbé e kúrò nínú mìlímítà kan yẹn, ìdí nìyẹn tí àárọ̀ tí afẹ́fẹ́ ò tíì dìde fi dára, tàbí kí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ti igi ilá náà.

Ohun tó ń ba fótò òdòdó jẹ́ jù ni ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀: ewé gbígbẹ kan, ọ̀rá funfun kan tí atẹ́gùn gbé wá. Ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́ ń tàn lórí òjìji. Òjìji yẹn sì wà láàárín ebè, bí èèyàn bá lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí kó yí ẹsẹ̀ kan sápá òsì. Ṣùgbọ́n òkùnkùn yìí máa ń tan kámẹ́rà jẹ: yóò rò pé ilẹ̀ ṣú, yóò wá mú ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí i, ewé òdòdó á sì funfun báláú. Lórí fọ́nù, ẹ fọwọ́ kan òdòdó náà lójú ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ wá fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀.

Inú pupa yẹn nìṣòro tó le jù. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ń lo ètò tí Bryce Bayer ti iléeṣẹ́ Kodak gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́dún 1976: ìdajì àwọn ojú kéékèèké orí sẹ́ńsọ̀ ń gba àwọ̀ ewé, ìdá kan nínú mẹ́rin ń gba pupa, ìdá kan tó kù ń gba búlúù. Ìwọ̀nba ojú díẹ̀ tó ń gba pupa yẹn ló ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú pupa ilá. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ díẹ̀ jù, wọ́n á kún, iṣan inú ewé òdòdó á pòórá, pupa náà á wá dà bí ẹni fi ọ̀dà kùn ún. Oòrùn ọ̀sán gangan kò dáa fún un. Ọjọ́ tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run dáa jù, tàbí kí ẹnì kan na aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sókè òdòdó náà. Ewé tó yí i ká sì ń da àwọ̀ ewé lé e lórí, nítorí náà ẹ gbé bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún fótò kan, kẹ́ ẹ lè fi bébà yẹn tún àwọ̀ àwọn yòókù ṣe.