Ọkọ̀ Òkun Kékeré: Láti Ibojì Íjíbítì Dé Orí Tábìlì ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ dé ilé ìlagi èyíkéyìí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ó bá arère níbẹ̀. Igi fúyẹ́fúyẹ́ ni, ó funfun bí ẹ̀kọ, òun ni àwọn káfíńtà fi ń kan àjà. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ kà á sí, nítorí kòkòrò tètè ń jẹ ẹ́. Igi yìí kan náà ni wọ́n ń là sí pẹ́lẹ́bẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ní Yúróòpù, obeche ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, wọ́n sì ń tà á fún àwọn tó ń fọwọ́ kan ọkọ̀ òkun kékeré nínú yàrá wọn. Èmi náà wà lára irú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ilé mi, ẹni tó bá fẹ́ rí òkun gbọ́dọ̀ kọjá Ọ̀yọ́, kó kọjá Ìbàdàn, kó tó máa ronú Èkó. Bí mo bá ń fi sáńpépà ra pákó níwájú ilé, àwọn tó ń kọjá a máa dúró wò mí. “Ẹ kú iṣẹ́ o, kí lẹ ń kàn?” Mo ní ọkọ̀ ojú omi ni. “Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́?”

Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń bi mí, àmọ́ ìbéèrè gidi ni. Ó pẹ́ púpọ̀ kí ọkọ̀ kékeré tó di ohun tí èèyàn ń kàn nítorí pé ó kàn wù ú. Ẹnìkan máa ń wà tí wọ́n ń kàn án fún.

Òkú ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ní ọdún 1920, àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ Herbert Winlock, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ń kó pàǹtí kúrò nínú ibojì àtijọ́ kan lẹ́bàá Thebes ní Íjíbítì. Olè ti fọ́ ibẹ̀ láti ayébáyé, kò sẹ́ni tó retí nǹkan kan mọ́. Ni wọ́n bá rí i pé èérún òkúta ń jò wọ inú pàlàpálá ògiri kan bí ìgbà tí gàrí ń jò nínú àpò. Winlock tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, ó bá odindi ayé kékeré pàdé: èèyàn onígi, màlúù onígi, ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì àti ọtí, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi tó lé ní mẹ́wàá. Ìjòyè kan tó ń jẹ́ Meketre ló ni ín, ó ti tó nǹkan bí 4,000 ọdún tí wọ́n ti kó wọn síbẹ̀. Nínú ọ̀kan, Meketre jókòó, ó gbé òdòdó simú. Ọkọ̀ ìdáná ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, àwọn ìránṣẹ́ ń se oúnjẹ, wọ́n ń pọntí, nítorí ọ̀gá kì í rìnrìn àjò kí ebi máa pa á. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni Howard Carter, awalẹ̀pìtàn ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣí ibojì Tutankhamun, ọba Íjíbítì àtijọ́, ọkọ̀ kékeré 35 ló wà nínú tiẹ̀.

Ẹni tó bá ti rí ère ìbejì rí kò nílò àlàyé gígùn. Ìyá tó ń wẹ ère, tó ń fún un lóúnjẹ, tó ń wọ aṣọ fún un mọ̀ dáadáa pé igi ni. Ó mọ̀ bákan náà pé kì í ṣe igi lásán. Irú ọkọ̀ tí Meketre wọ̀ nìyẹn.

Lọ́dọ̀ àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ Yúróòpù, Ọlọ́run àtàwọn ẹni mímọ́ ni wọ́n ń kàn án fún. Atukọ̀ tó bá rí ikú lójú agbami tí kò kú a san ẹ̀jẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ kékeré ni wọ́n á fi rọ̀ sí àjà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ṣì pọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Denmark di òní. Èyí tí àwọn onímọ̀ ọkọ̀ kì í yéé sọ̀rọ̀ rẹ̀ wá láti Mataró ní Sípéènì, iṣẹ́ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni, ó wà ní mùsíọ̀mù kan ní Rotterdam báyìí. Àwọn tó ń kan ọkọ̀ nígbà yẹn kì í sábà ya iṣẹ́ wọn sórí ìwé, nítorí náà ọkọ̀ ẹ̀jẹ́ yìí di ẹlẹ́rìí fún bí wọ́n ṣe ń to pákó ọkọ̀ ńlá láyé ọjọ́un.

Ọwọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ ti wá di ti ìwọ̀n. Láti nǹkan bí ọdún 1650 ni wọ́n ti ń ṣe irú àwọn tí wọ́n wá ń pè ní Navy Board model, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi orúkọ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó kíkan ọkọ̀ ogun pè. Ẹ rí bí télọ̀ ṣe máa ń ṣí kálẹ́ńdà fún oníbàárà kó mú sítáì kó tó fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ? Irú rẹ̀ ni. Igi óákù inú igbó odindi ni ọkọ̀ ogun kan ń jẹ, ó sì yẹ kí àwọn ọ̀gá rí ohun tí owó fẹ́ lọ lé lórí. Wọ́n kàn lára wọn fún ẹ̀bùn àti ọ̀ṣọ́ pẹ̀lú o. Samuel Pepys, akọ̀wé ilé iṣẹ́ ológun orí omi, fẹ́ràn wọn débi pé ó ń kó wọn jọ sílé. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù ni 1:48, ohun tó jẹ́ fíìtì kan lára ọkọ̀ gidi á di ìdámẹ́rin íǹṣì. Ọkùnrin tó ga ní fíìtì mẹ́fà á di íǹṣì kan àtààbọ̀. Wọ́n máa ń fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láìbo pákó mọ́ ọn, kí egungun ìhà rẹ̀ lè hàn síta. Títí di òní, kò sí èyí tó wù mí tó ìyẹn.

Ogun Faransé ló gbé iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá. Láti 1793 títí di 1815 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ń gbéná wojú ara wọn, pẹ̀lú ìsinmi ráńpẹ́ láàárín. Ní 1797 ni wọ́n ṣí ọgbà Norman Cross nítòsí Peterborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dìídì kọ́ ọ fún ẹlẹ́wọ̀n ogun ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin wà níbẹ̀, atukọ̀ ni púpọ̀ wọn, wọn ò níṣẹ́, wọn ò sì mọ ọjọ́ tí wọn yóò lọ sílé. Wọ́n kó egungun inú oúnjẹ wọn jọ, wọ́n sè é títí ọ̀rá inú rẹ̀ fi jáde, wọ́n sá a títí ó fi funfun, wọ́n wá gbẹ́ ẹ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n fi kan ọkọ̀ ogun. Okùn ìgbòkun rẹ̀ jẹ́ sílíìkì, nígbà mìíràn irun orí èèyàn ni. Ọjà ń ná lẹ́nu géètì ọgbà, àwọn ará ìlú ń wá rà á.

Àwọn tó mọ ọkọ̀ dáadáa a máa rí àléébù lára iṣẹ́ wọn: òpó ga jù, àgbá pọ̀ jù. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí àwòrán wò? Orí ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni eré ọwọ́dilẹ̀ yìí ti ṣẹ̀, kì í ṣe ní ààfin. Owó búrẹ́dì àti tábà ni wọ́n ń wá, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó jókòó ti egungun màlúù fún oṣù mélòó kan, tó ń gbẹ́ fèrèsé tí kò tó èékánná: ẹni yẹn ti kúrò lọ́gbà ẹ̀wọ̀n fún ìgbà díẹ̀.

Láyé kan náà, ọkọ̀ kékeré mìíràn wà tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1788, àwọn tó ń bá òwò ẹrú jà ya àwòrán Brookes, ọkọ̀ akẹ́rú kan láti Liverpool. Àwòrán náà fi hàn bí wọn yóò ṣe to èèyàn 454 sínú rẹ̀ bí ìdì igi. Iye tí òfin tuntun fàyè gbà nìyẹn o, ọkọ̀ náà ti kó 609 rí. Àwòrán ya ni lẹ́nu, ṣùgbọ́n onígi ló ń dúró síni lọ́kàn. Wọ́n kan Brookes ní kékeré, William Wilberforce, aṣòfin tó ń bá òwò ẹrú jà, sì fi í han àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ṣì wà nínú ilé Wilberforce ní Hull, tó ti di mùsíọ̀mù. Nígbà tí Thomas Clarkson, ọ̀kan lára àwọn tó ń bá òwò ẹrú jà, gbé àwòrán náà dé Paris, Mirabeau, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú ìyípadà ìjọba Faransé, ní kí oníṣẹ́ igi kan kàn án fún òun. Wọ́n to ère kéékèèké tí wọ́n kùn ní dúdú sínú rẹ̀, ọkùnrin níbi tiwọn, obìnrin níbi tiwọn. Yàrá ìjẹun rẹ̀ ló gbé e sí. Èmi ò tíì rí ọkọ̀ kékeré kankan tó ṣiṣẹ́ tó èyí.

Ti yọ́ọ̀tì, ìyẹn ọkọ̀ ìgbafẹ́ onígbòkun, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ará Họ́lándì ló ni ọ̀rọ̀ náà, jacht, wọ́n sì fi ọ̀kan tó ń jẹ́ Mary ta Ọba Charles Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́rẹ ní 1660. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àgbà ọkùnrin tó wọ kóòtù bẹ̀rẹ̀ sí í fi yọ́ọ̀tì kékeré sáré lórí adágún omi inú ọgbà ìgbafẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí wọ́n bá ti tì í kúrò lẹ́bàá omi, ó kù sọ́wọ́ atẹ́gùn. Nígbà tó yá, ọ̀gbẹ́ni Braine rí ọgbọ́n dá: ó so okùn ìgbòkun mọ́ ìtọ́kọ̀, kí afẹ́fẹ́ tó ń fa ọkọ̀ máa tọ́ ọ bákan náà. Nikola Tesla, onímọ̀ iná mànàmáná, ti fi rédíò darí ọkọ̀ kékeré ní New York ní 1898, ó sì pẹ́ kí irú rẹ̀ tó dọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe Tesla. Lónìí, oríṣi tí wọ́n ń fi sáré jù jẹ́ mítà kan ní gígùn, ìlànà rẹ̀ jáde ní 1988.

Rọ́bà ló gbé e dé ọ̀dọ̀ ọmọ mẹ̀kúnnù. Ní 1952, ilé iṣẹ́ Airfix kó Golden Hind, ọkọ̀ Francis Drake, atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, sínú àpò kékeré, wọ́n ń tà á ní ìsọ̀ Woolworths ní owó pọ́ọ́kú. Ọdún kejì, Revell ní Amẹ́ríkà ṣe ọkọ̀ ogun Missouri. Já a, lẹ̀ ẹ́, kùn ún, ó parí. Àwọn onígi máa ń yínmú sí i. Èmi ò yínmú sí ohun tí mi ò lè rà láìsan owó kọ́sítọ́ọ̀mù.

Àwa náà kò ṣàìmọ eré yìí, ohun tí ojú wa tó ni a fi ń ṣe é. Ọmọ tó dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti fi poporo ọkà bàbà ṣe awò ojú, ó ti fi agolo mílíìkì ṣe tírélà, ó ti gé sílípáàsì gbígbó ṣe táyà. Tírélà ló ń kọjá lójú ọ̀nà Ìlọrin, tírélà ló sì kàn. Bí òjò bá rọ̀ tí gọ́tà kún, a ká ewé ìwé bí ọkọ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi rì. Ohun tí mo ń ṣe báyìí kò jìnnà sí ti poporo. Arère fún ara ọkọ̀, igi ìtayín fún àwọn èèkàn wẹ́wẹ́ ara rẹ̀, òwú télọ̀ tí mo fi ìda ra kó má baà hu irun. Okùn ni wàhálà. Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ: kókó okùn kan tí kò tó orí èèrà lè gba odindi ọ̀sán lọ́wọ́ èèyàn, bí NEPA bá sì mú iná lọ láàárín, ẹ ó tún un so lọ́la.

Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì olópòó méjì ló wà lórí tábìlì mi, irú àwọn tó ń lé ọkọ̀ akẹ́rú kiri etíkun wa lẹ́yìn tí òfin ọdún 1807 fòpin sí òwò náà nílẹ̀ wọn. Ọmọ Òṣóògùn kan mọ ojú irú ọkọ̀ yẹn. Ajàyí ni, ẹni tó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, wọ́n tà á títí ó fi dé Èkó, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí kan tó ń jẹ́ Esperança Felix ní 1822, kí ọkọ̀ ogun Myrmidon tó wá gbà wọ́n sílẹ̀. Nínú lẹ́tà tó kọ ní 1837, ó sọ bí ẹ̀rù ṣe bà wọ́n nígbà tí wọ́n dé orí pákó ọkọ̀ tó gbà wọ́n là. Wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi kọ́, wọ́n rò pé ẹran èèyàn ni. Wọ́n rí ọta àgbá tí wọ́n tò jọ ní òkìtì òkìtì, wọ́n rò pé orí àwọn tí wọ́n ti pa ni.

Ọta àgbá ló kù tí mi ò tíì fi sórí tèmi. Ní ìwọ̀n 1:48, kò yẹ kó tóbi ju mílímítà mẹ́ta lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ ń dán jù, mo bá ra iyèré lọ́jà, mo ṣa àwọn tó kéré jù nínú rẹ̀, mo kùn wọ́n, mo fi gúlù lẹ̀ wọ́n jọ, mẹ́rin nísàlẹ̀, ọ̀kan lórí. Lálẹ́ àná ni mo gbé òkìtì àkọ́kọ́ sórí pákó, mo sún sẹ́yìn wò ó lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì. Orí ni wọ́n jọ lóòótọ́.